Ìbọn Inú Géèmù Kò Mọ Ẹ̀gbọ́n

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi ní géèmù ìbọn àtijọ́ orí kọ̀ǹpútà, ìyà ló sì fi kọ́ mi. Nínú géèmù yẹn, èèyàn kì í rí ojú ara rẹ̀. Ọwọ́ rẹ àti ìbọn nìkan lò ń rí níwájú, wàá sì máa sáré bí ẹni tí oyin ń lé. Bí mo bá ti yọrí báyìí, gbàà! Ó ti pa mí. "Sùẹ̀gbẹ̀! Òkú ni ẹ́!" Bí mo bá ní ó tó gẹ́ẹ́, á ní kí n lọ bá Màámi ṣa ẹ̀wà.

Ohun tó dùn nínú rẹ̀ ni pé kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí àwáwí. Nínú géèmù òde òní, tí wọ́n bá yìnbọn lù ọ́, wàá sá sẹ́yìn ògiri, wàá mí díẹ̀, egbò á sì jinná fúnra rẹ̀. Ìranù gbáà! Nínú tiwa, tí o bá ti fara gbọgbẹ́, àfi kí o sáré lọ he oògùn nílẹ̀, tàbí kí o kú. Ẹni tó bá dúró ti kú náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́, ó ní àléébù. Kò ní ìtàn kankan nínú. Yàrá kan náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, kọ́kọ́rọ́ pupa tí wàá máa wá kiri títí òòyì á fi kọ́ ọ, tí wàá fẹ́ bì. Èyí tó wá burú jù ni pé kò ṣàánú ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá lọ́ra.

Onígbàjámọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ní Ọjà Santana, ní ìlú Bíní tí à ń gbé. Lọ́dún tó kọjá, kẹ̀kẹ́ Márúwá tó wọ̀ dojú dé ní Ikpoba Hill, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló sì fara gbá a. Egungun jinná, àmọ́ ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Ẹ sì mọ àwa Yorùbá. Gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì wa tó wá kí i ló ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé, "Háà, ara ti le! Ẹ wò ó bó ṣe ń dán!" Ta ló fẹ́ wí fún aláìsàn pé ara rẹ̀ ò yá? Alàgbà kan tiẹ̀ búra pé òun ò ní jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kan orí òun láé. Ẹ̀gbọ́n mi gbà wọ́n gbọ́, ó ní òun máa ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé.

Orí ọmọlọ́mọ ló fẹ́ lọ fi abẹ kàn o! Mo sọ fún un, ó ní ìlara ló ń ṣe mí. Ni mo bá gbé láptọ́ọ̀pù méjì wá láti ibi iṣẹ́ mi ní Uselu, mo so wọ́n pọ̀, mo gbé géèmù wa àtijọ́ sórí wọn, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ bá lè pa mí lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù yín."

Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Mo sì pa á.

Mo pa á lẹ́nu ọ̀nà, mo pa á lórí àtẹ̀gùn. Mo lọ dúró síbi tí òkú ti ń jí dìde, bó ṣe ń jí ni mo ń pa á. Máòsì ń jó lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ìbọn rẹ̀ ń wo òrùlé, ó ń wo ilẹ̀, kò rí mi mú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo gbádùn rẹ̀. Màámi dúró sẹ́yìn wa, wọ́n káwọ́ lérí. "Ẹ̀gbọ́n rẹ mà nìyẹn o! Jẹ́ kó pa ọ́ lẹ́ẹ̀kan!" Mo tún pa á.

Nígbà tó yá, ó la máòsì mọ́ ògiri. "Ọ̀dájú! Géèmù ọmọdé lásánlàsàn!" Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Mo débẹ̀ lọ́sàn-án, kò sí ẹnì kan lórí àga. Òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àmọ́ àwọn tó ta èké fún ẹ̀gbọ́n mi ò wá ra nǹkan kan lọ́wọ́ tiẹ̀. Wọ́n ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ni, "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ara ti le!", ẹsẹ̀ wọn ò sì dúró. Oníbàárà rẹ̀ kan, ọmọ Bíní, yọjú, ó wo ọwọ́ náà, ó ní, "I dey come, bros." Kò padà wá. Alàgbà tó búra náà kọjá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun ni, páúdà ṣì funfun lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí ó fi wọ kẹ̀kẹ́ lọ.

Mo wọlé, mo jókòó sórí àga. Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ó so aṣọ mọ́ mi lọ́rùn, ó mú abẹ. Mo rí ọwọ́ náà nínú dígí bó ṣe ń bọ̀, mo jókòó jẹ́ẹ́. Abẹ gé mi níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ ṣàn wọ ojú mi.

"Ṣé ó dùn ẹ́?" Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí kí n ní rárá.

"Ó dùn mí, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó gbé abẹ sílẹ̀, ó sì ní kí n bá òun ti ilẹ̀kùn.