Fọ́tò Táyé àti Kẹ́hìndé

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Iléṣà, ẹni méjì ni àwa ọmọdé ń sá fún: olùkọ́ tó mú pàṣán dání àti wolé-wolé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ò ní gbàgbé aṣọ kákí wọn, àti bí wọ́n ṣe máa ń ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀.

Ti ilé wa yàtọ̀. Bùọ̀dá Délé, àbúrò màmá mi, ni wolé-wolé àdúgbò wa. Ọ̀dọ̀ Yèyé, ìyá tó bí wọn, ni mo ń gbé. Láàárọ̀, àwọn obìnrin á máa sáré da omi àná nù kí Bùọ̀dá tó dé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn obìnrin kan náà á lé tìróò, wọ́n á ní kí Bùọ̀dá wá ya àwọn ní fọ́tò. Owó oṣù ni Bùọ̀dá fi ra kámẹ́rà. Wọn kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àfi àgbàdo sísun tàbí àkàrà gbígbóná, èmi ni mo sì ń bá wọn jẹ ẹ́. Mo fẹ́ràn wọn gan-an. Mo rò pé kò sí ohun tí wọn ò lè ṣe.

Ohun tó wà lọ́kàn Bùọ̀dá ni láti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, kí wọ́n ṣí ilé fọ́tò. Yèyé kò gbà. Wọ́n máa ń ní, "Eré ọwọ́ ni fọ́tò. Ẹni tó ní uṣẹ́ ìjọba, tó lóun ó lọ máa ya àwòrán, ṣé orí rẹ̀ pé?" Ìjẹ̀ṣà Yèyé ki, mo sì máa ń sín wọn jẹ lẹ́yìn, títí ọjọ́ tí wọ́n gbọ́, tí wọ́n fi orógùn kàn mí lórí. Ṣùgbọ́n Bùọ̀dá ò jẹ́ dáwọ́ lé e láìgba àṣẹ lẹ́nu ìyá wọn.

Nínú agbo ilé wa, Ìyá Ìbejì bí Táyé àti Kẹ́hìndé, obìnrin méjèèjì. Wọ́n tó ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí èéyi mú Kẹ́hìndé. A kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n ní ó lọ sí ọjà. Àwọn ìbejì náà ò tíì ya fọ́tò kankan. Ìyá Ìbejì ò jẹun dáadáa mọ́, ó ń sọ ṣáá pé òun ti ń gbàgbé ojú ọmọ náà. Níkẹyìn ó wá bá Bùọ̀dá. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya àwọn méjèèjì pọ̀."

Gbogbo ilé ló dúró wòran. Bùọ̀dá gbé Táyé jókòó sápá ọ̀tún bẹ́ǹṣì, wọ́n yà á. Wọ́n gbé e sápá òsì, wọ́n tún yà á. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ti ara wọn mọ́ yàrá òkùnkùn, tí wọ́n ń so méjèèjì pọ̀ sórí pépà kan. Pépà tó bàjẹ́ pọ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, ọmọ méjì ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Yèyé pe àwa ọmọdé jọ, wọ́n ní ẹni tó bá sọ fún Táyé pé òun nìkan ni wọ́n yà, ata ni àwọn ó fi sí i lẹ́nu.

Ìyá Ìbejì gbé fọ́tò náà kalẹ̀, ó bu ẹ̀wà síwájú rẹ̀. Ó bu tirẹ̀ náà, ó sì jẹ ẹ́ tán. Yèyé ń wò ó. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní, "Délé, uṣẹ́ ni. Máa lọ."

Kò pẹ́ tí Bùọ̀dá fi dá aṣọ kákí padà fún ìjọba, wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin ní Òṣogbo. Iṣẹ́ náà ni wọ́n fi tọ́ ọmọ, òun ni wọ́n fi kọ́lé.

Láyé ìgbà náà, ènìyàn lè ya fọ́tò ẹyọ kan títí dọjọ́ alẹ́. A ó dúró gbagidi, a ò ní rẹ́rìn-ín. Lónìí, àwọn ọmọ mi ń ya oúnjẹ kí wọ́n tó jẹ ẹ́. N ò bá wọn jà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú fóònù ni bí wọ́n ṣe ń fi ìka méjì fẹ àwòrán títí ohun gbogbo á fi hàn síta.

Láìpẹ́ yìí, Táyé wá kí mi. Òun náà ti ní ọmọ-ọmọ. Ó ṣí fọ́tò náà nínú fóònù rẹ̀, ó sì fẹ̀ ẹ́. A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ: ibi tí Bùọ̀dá ti so ó pọ̀ hàn ketekete. Táyé fi ìka kan ọmọ tó wà lápá òsì.

"Àǹtí, ẹ wo Kẹ́hìndé mi."

Mo ní mo rí i.