Àmì Àwọ̀ Ewé Lójú Fóònù Mi Lọ́dún Ìyanṣẹ́lódì

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún tí a yanṣẹ́lódì ní ilé-iṣẹ́ òróró tó wà lẹ́yìn Sabon Gari. Kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ọdún mẹ́ta péré ni. Síbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti gbọ́ oríṣiríṣi ìtàn nípa rẹ̀. Àwọn kan sọ fún yín pé sakatárè ẹgbẹ́ ló tà wá. Èmi ni sakatárè náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Safawu lorúkọ mi. Ará Ìlọrin ni bàbá mi, àmọ́ Zaria níbí ni wọ́n bí mi sí. Ọkọ mi ti dolóògbé. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, Nàfísá, ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Minna. Ìdí òṣùwọ̀n ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń wọn àpò ẹ̀pà kí wọ́n tó kó o lọ sídìí ẹ̀rọ. Àwọn ẹ̀rọ yẹn gan-an la torí wọn jà. Irin tó yẹ kó bo ẹnu wọn ti já dànù láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì ń gé àwọn ènìyàn níka. Bí ẹ̀rọ bá ti gé alágbàṣe kan níka, wọn á dì í fún un ní yàrá ìtọ́jú inú ọgbà. Kò ní í ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí wọn á fi sọ fún un pé iṣẹ́ ti tán. Bí àwọn aṣojú ìjọba bá wá bẹ̀ wá wò, ọ̀gá àgbà á ní ẹnikẹ́ni ò ṣèṣe rí.

Ẹni tó mọ̀ pé irọ́ ni ni Sísítà Dèbórà, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wa. Ọmọ Wusasa ni, Háúsá tí bàbá rẹ̀ àgbà ti gba Jésù láyé àwọn míṣọ́nnárì. Ọ̀rẹ́ mi ni fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Háúsá la jọ ń sọ; èmi ni mò ń yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá níbí. Màmá Nàfísá ló máa ń pè mí. Ó ní ìwé kan tó nípọn, tó ń kọ gbogbo ọgbẹ́ sí: orúkọ ẹni tó fara pa, ìka tó lọ, ọjọ́ tó lọ.

Níbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ ọdún náà, àwọn ọ̀gá gbé áàpù kan dé. Wọ́n ní kò sí ìwé ìbuwọ́lù mọ́. Kí kálukú gbé áàpù náà sórí fóònù rẹ̀, kó máa ya ojú ara rẹ̀ tó bá ti dé ẹnu iṣẹ́. Àwa olóyè ẹgbẹ́ ni wọ́n tún sọ fún pé kí tiwa má kú rárá, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa pè wá sí ìpàdé. Nígbà tí mo ṣí i, fóònù bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé kó jẹ́ kí áàpù yìí máa ya àwòrán? Ṣé kó jẹ́ kó máa gbọ́ ohùn? Ṣé kó jẹ́ kó máa mọ ibi tí mo bá wà? Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹni tó ń ṣe àmín.

Èmi tí mo máa ń ka lẹ́tà ọ̀gá lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó fọwọ́ sí i! Kí ni ohun tó fẹ́ rí ojú mi fẹ́ fi ohùn mi ṣe? Mi ò béèrè.

Láti ọjọ́ náà ni àmì kékeré kan ti máa ń yọ lókè ojú fóònù mi, lápá ọ̀tún, ó rí roboto, ó sì ní àwọ̀ ewé. Mo rí i. Mo rò pé ó ń sọ fún mi pé iná ti kún fóònù ni.

A fi ìyanṣẹ́lódì sí Ọjọ́rú. Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀, mo lọ kí Sísítà ní Wusasa lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Eruku ọyẹ́ ò jẹ́ kí a jókòó síta, a wà nínú pálọ̀, àwa méjèèjì péré. Ó po tíì fún wa. Mo gbé fóònù mi sáàárín ife méjèèjì lórí tábìlì.

“Màmá Nàfísá,” ó ní, “báwọn oníròyìn bá dé lọ́jọ́rú, kí lẹ fẹ́ fi hàn wọ́n?”

“Ẹnu wa náà ni.”

“Ẹnu ò tó. Ọ̀gá á ní ẹ̀ ń purọ́.” Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni pé ògiri létí lóòótọ́. “Màá mú ìwé ọgbẹ́ yẹn jáde. Abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ló wà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mo bá ń lọ sílé, inú báàgì mi ló máa wà.”

Mo ní, “Ẹ̀rù ò bà ọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀rù ń bà mí. Mu tíì ẹ.”

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó débi iṣẹ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ ti gbé kọ́bọ́ọ̀dù jáde ní yàrá ìtọ́jú, wọ́n sì ti kó ìwé ọgbẹ́ lọ. Wọ́n ti já lẹ́tà lé Sísítà lọ́wọ́ pé ó fẹ́ jí ẹrù ilé-iṣẹ́, wọ́n sì ti lé e. Mo bá a ní géètì pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Mo sáré lọ bá a, ó sì na ọwọ́ síwájú kí n má baà sún mọ́ ọn.

“Ta lo sọ fún?”

“Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi Ọlọ́run búra.”

“Àwa méjì péré la wà nínú yàrá yẹn, Safawu.”

Fún odidi ọdún mẹ́rìndínlógún, kò pe orúkọ mi rí. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́rú, a jáde lóòótọ́, àmọ́ a ò pọ̀. Àwọn oníròyìn béèrè ẹ̀rí, a ò ní. Rédíò ka ọ̀rọ̀ ọ̀gá àgbà pé kò sẹ́ni tó ṣèṣe rí lọ́gbà òun. Nígbà tó fi máa di Jímọ̀, gbogbo ènìyàn ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Alága wa, Màlámù Haruna, ránṣẹ́ pè mí. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Ó ní, “Sakatárè, ẹnikẹ́ni ò fẹ̀sùn kàn yín o. Ṣùgbọ́n ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì àti òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ wá ná.”

“Màlámù, ṣé ẹ̀yin náà gbà pé èmi ni?”

Ó ń wo ilẹ̀. “Ẹ gbé e wá ná.”

Mo gbé e fún un. Ìyà kan wà tí wọn kì í lo ẹgba fi jẹni. Bí mo bá dé ìdí òṣùwọ̀n, ọ̀rọ̀ á dákẹ́ lẹ́nu àwọn tí mo bá níbẹ̀. Wọ́n ń kí mi: sannu, sannu, ó tán. Ní mọ́ṣáláṣí, àyè máa ń ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi tí àwọn obìnrin ti ń to sáfù ìrun. Mo ń dáná fún ẹnì kan, mo ń dá jẹun. Nàfísá á pè láti Minna: “Ìyá mi, ẹ kúkú máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa.” Mo ní bí mo bá lọ, wọ́n á ní mo sá ni. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara mi. Ṣé mo sọ ọ́ lójú ọ̀nà ni, tí mi ò mọ̀? Ṣé mò ń sọ̀rọ̀ lójú oorun ni? Ẹni tí gbogbo ayé bá pè lólè, yóò di ọjọ́ kan tí yóò yẹ àpò ara rẹ̀ wò.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí fóònù mi ń gbóná ṣáá, tí iná rẹ̀ kì í sì í di ọ̀sán. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Samaru, lọ́dọ̀ Múìbátù. Obìnrin tó ń tún fóònù ṣe ni. Ọmọ Sabon Gari bíi tèmi ni. Yorùbá rẹ̀, ìlàjì Háúsá ni. Ó gba fóònù náà, ó wò ó, ó wò mí.

“Màmá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?”

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. “Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Yàtọ̀ sí ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti bá ènìyàn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.”

“To, kí ló dé tí fóònù yín fi ń gbọ́ wa?” Ó na ìka sí àmì àwọ̀ ewé yẹn.

“Kì í ṣe ti iná nìyẹn?”

“Haba, Màmá! Bí áàpù kan bá ń lo kámẹ́rà tàbí máìkì yín, òun ni fóònù fi ń ta yín lólobó. Ẹ fa ojú ẹ̀ wálẹ̀ láti òkè. Ẹ tẹ àmì yẹn. Á dárúkọ ẹni tó ń gbọ́.”

Mo fà á wálẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Orúkọ áàpù ilé-iṣẹ́ wa ló jáde.

Múìbátù tún ṣí ibì kan tí fóònù ń kọ ọ́ sí, áàpù tó gba ohùn àti aago tó gbà á. Ó gbà á láàárọ̀. Ó gbà á nígbà tí mò ń kírun. Ó gbà á nígbà tí mò ń bá Nàfísá sọ̀rọ̀. Mo ní kó wá ọjọ́ Àìkú ti Wusasa fún mi. Ó mi orí. “Kì í rántí jìnnà, Màmá. Kò mọ̀ ju àná lọ.” Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà. Mo ti rí kòkòrò, àmọ́ ewé tó jẹ ti rà.

Ó fi ibi tí wọ́n ti ń gba àyè padà hàn mí. Èèyàn lè ní kí áàpù má gbọ́ nǹkan kan rárá, ó lè ní kó máa tọrọ àyè nígbàkúùgbà, ó sì lè pa etí àti ojú gbogbo fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kó bá mi ṣe é. Ó kọ̀. “Ìka yín lẹ fi ṣí i fún wọn. Ìka yín náà ni kẹ́ ẹ fi tì í.” Mo tì í.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ bá Màlámù Haruna. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, “Ṣé fóònù lẹ wá fẹ́ di ẹ̀bi rù?”

“Ẹ mú tiyín wá.”

Ó mú un jáde. Àmì náà wà níbẹ̀. Mo fà á wálẹ̀ fún un, orúkọ kan náà ló jáde. Ó rọra jókòó sórí ẹní rẹ̀. “Wallahi,” ó ní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró sí géètì, mò ń bẹ ẹni kọ̀ọ̀kan tó ń wọlé pé kó fa ojú fóònù rẹ̀ wálẹ̀. Èmi nìkan ni. Ẹ̀ṣọ́ tì mí, mo tún padà wá dúró. Àwọn kan gba ẹ̀yìn mi kọjá bí ẹni tó rí adẹ́tẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀, obìnrin méjì láti ibi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀pà wá dúró tì mí. Lọ́jọ́ kẹta, Màlámù fúnra rẹ̀ dé. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, kò sẹ́ni tó ń ya ojú rẹ̀ fún áàpù náà mọ́. Ẹnu géètì la jókòó sí, a ní bí kò bá sí ìwé ìbuwọ́lù, kò sí iṣẹ́. Ọ̀gá àgbà jáde, ó ní áàpù náà ò gba ohùn ẹnikẹ́ni pamọ́, pé bó bá ṣí etí, àṣìṣe àwọn tó ṣe é ni. Wọ́n mú un kúrò, wọ́n dá ìwé ìbuwọ́lù padà. Títí di òní, ẹnikẹ́ni ò fi ibi tí ohùn wa gbà hàn wá. Mo mọ ohun tí mo gbà gbọ́. N kò ní ẹ̀rí rẹ̀.

Mo sáré lọ sí Wusasa. Sísítà jẹ́ kí n sọ ọ́ títí dópin lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ń bẹ lára ilẹ̀kùn.

“Mo gbà ọ́ gbọ́,” ó ní.

Omijé bọ́ lójú mi.

“Ṣùgbọ́n ìwọ lo gbé e wọ ilé mi. O gbé e sórí tábìlì mi. O ò bi í léèrè ohun tó wá ṣe.”

Mo wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé.

Bí ẹ bá ní kí n wọ̀n ọ́n, bí mo ṣe wọn ẹ̀pà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí mo lè sọ rèé. A gba etí wa padà. Wọ́n fi irin bo ẹnu méjì nínú àwọn ẹ̀rọ náà. Àwọn yòókù ṣì ń ya ẹnu sílẹ̀. Ẹgbẹ́ dìde dúró, wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ àti òǹtẹ̀ fún mi padà. Ohun tí wọn ò rí dá padà fún mi ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Nísinsìnyí a máa ń kó fóònù sílẹ̀ lóde kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn ènìyàn kì í sọ tinú wọn mọ́. Ẹnikẹ́ni kì í wá fẹ̀yìn ti ògiri nílé mi láti tàkúrọ̀sọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìfura tí wọ́n gbìn sí wa ṣì ń hù lẹ́yìn tí áàpù ti lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ohunkóhun bá tọrọ àyè lọ́wọ́ yín, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, pàápàá bí ẹ bá ń lọ sílé ẹlòmíràn.

Gbèsè tó kù lọ́rùn wa ni orúkọ àwọn tí ẹ̀rọ gé níka. Wọ́n ti gbé ìwé ọgbẹ́ lọ, ó sì dá mi lójú pé wọ́n ti sun ún. Sísítà ló kù tó rántí. Oṣooṣù ni mò ń lọ sí Wusasa pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ó máa ń dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, á dijú, á ronú, á dárúkọ ẹni tó bá rántí àti ìka tó lọ, èmi á kọ ọ́. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, ó rántí ẹni mẹ́ta. Oòrùn mú, mo sì ń làágùn. Ó mú omi wá fún mi níta, ó dúró kí n mu ún tán, ó gba ife lọ́wọ́ mi. Kò tíì ní kí n wọlé.