Sójà Inú Ìwé àti Sójà Ilé Mi

Ìtàn ogun ni ìwé lítíréṣọ̀ tí wọ́n ní kí n kọ́ àwọn ọmọ fọ́ọ̀mù kẹrin lọ́dún náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó ni, èmi àti ọkọ mi sì ń gbé yàrá méjì nílé Àlájà kan ní Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì. Ogun abẹ́lé ti parí láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Kékeré ni àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ wà nígbà tí ogun náà ń jà. Lójú tiwọn, ohun tí rédíò sọ nígbà kan rí ni ogun.

Ìwé náà kò nípọn, èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó sọ̀rọ̀ nípa ọmọ ogun kan tó ń wọ́ ẹsẹ̀ la inú àbàtà kọjá, tòun ti ìbọn, ọta, ìbora tí òjò ti rẹ gbingbin, àti rédíò ńlá kan tó gbé kọ́ ẹ̀yìn. Ìbọn ba ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó ju ẹrù yòókù nù, ó pọn ọ̀rẹ́ náà. Ó gbé e lọ títí agbára fi tán nínú rẹ̀, ó wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì ń sunkún bí ọmọdé.

Ibẹ̀ ni kíláàsì ti bú sẹ́rìn-ín.

"Máà, irọ́ ni òǹkọ̀wé yìí ń pa," ọmọkùnrin kan tó ga ju gbogbo wọn lọ ló sọ bẹ́ẹ̀. "Sójà kì í sunkún. Èyí tó bá ń sunkún, wọ́n á lé e padà sílé ni."

Ọmọbìnrin kan dá a lóhùn pé, "Ṣé kì í ṣe ènìyàn ló bí sójà ni?"

Ni gbogbo wọn bá kọjú sí mi, wọ́n ń retí kí n dá ẹjọ́ náà. Mo ní ká máa bá ìwé wa lọ. Kí ni mo fẹ́ sọ? Sójà wà nílé mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò tí ì gbọ́ ọ̀rọ̀ ogun kan lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ẹni pẹ̀lẹ́ ni ọkọ mi. Nígbà tí ogun parí, ó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, ó padà sílé ìwé, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó sì di òṣìṣẹ́ ìjọba. Bí kì í bá ṣe ti bàtà rẹ̀ tó máa ń dán láràárọ̀, ẹ kò ní mọ̀ pé ó ti wọ aṣọ ogun rí. Àpá kan wà ní èjìká rẹ̀, ó gùn láti ibi ọrùn wá síwájú. Mo bi í léèrè nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ó ní, "Okùn ẹrù ni." Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Bí àwọn ènìyàn mi bá sì fẹ́ kó sọ ìtàn ogun fún wọn, á rẹ́rìn-ín, á ní ká dúpẹ́ pé ó parí.

Ohun mìíràn tí mo mọ̀ mọ́ ọn ni oorun inú mọ́tò. Ilé bàbá mi wà ní Iléṣà, a sì máa ń lọ kí àwọn òbí mi. Bí a bá ti ń kúrò ní Ìyìn ni ọkọ mi á ti di ojú, á gbé orí ti fèrèsé, kò ní là á títí a ó fi kọjá Ìgèdè. Mo ti fi ṣe ẹ̀fẹ̀ fún ìyá mi pé ẹni tí mo fẹ́ kò lè jókòó sínú ọkọ̀ kó má sùn.

Mo gbé ìwé ogun náà sórí tábìlì lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Ó mú un, ó ní kí lèyí. Mo ní ohun tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ni. Ó ṣí i, ó sì jókòó tì í. Ọbẹ̀ tí mo gbé fún un tutù. Mo tún gbé e kaná, ó tún tutù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìwé náà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí mo ń lọ sí Ọjà Ọba.

Ọ̀sán gangan ni mo dé. Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, nítorí ata tí mo fẹ́ gbé sí ilé ìdáná, àfi bí mo ṣe bá ọkọ mi láàárín àgbàlá nínú oòrùn. Ó ti rọ yanrìn tí wọ́n fẹ́ fi rẹ́ ògiri kún àpò, ó fi okùn so ó mọ́ ẹ̀yìn, okùn náà sì bọ́ sí ojú àpá èjìká rẹ̀ gẹ́lẹ́ bíi pé ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ó dúró. Kò mira. Òógùn ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀.

Àlájà onílé wa wà lẹ́nu ọ̀nà, ó mú búta àlùwàlá dání. Aṣọ ló ń tà lọ́jà, ohùn rẹ̀ sì máa ń dé ilé kẹta, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ló bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ìyàwó, ó ti wà bẹ́ẹ̀ kí n tó lọ kírun àìlà. Mo kírun tán, mo tún bá a bẹ́ẹ̀. Mo bá a sọ̀rọ̀, kò fèsì. Kí ló ṣe é?"

Mo gbé apẹ̀rẹ̀ mi sílẹ̀, mo sún mọ́ ọn. "Kí lẹ ń ṣe nínú oòrùn yìí?"

"Mò ń yẹ ẹni tó kọ ìwé yẹn wò ni," ó ní. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó purọ́."

"Ṣé ó purọ́?"

"N kò tí ì mọ̀. Ìwé náà wà lórí àga. Bá mi ka ibi tí wọ́n ti wọ inú àbàtà."

Mo lè kọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn tó fi sọ ọ́ kì í ṣe ti ẹni tí orí rẹ̀ ń yí. Mo mú ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá nítorí Àlájà, tí kò gbọ́ òyìnbó. Bí mo ṣe ń kà á ni ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ilẹ̀ àgbàlá wa gbẹ táútáú, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń fa ẹsẹ̀ yọ bí ẹni pé ẹrẹ̀ gbé e mì dé orúnkún. Ibi tí ìwé ní kí sójà dúró, ó dúró. Ibi tí ìwé ní kó tẹ̀ ba, ó tẹ̀ ba tòun ti yanrìn yẹn lẹ́yìn, mo sì gbọ́ bí eegun orúnkún rẹ̀ ṣe dún.

Mo ti ka ibẹ̀ fún kíláàsì rí. Mo ti ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ tó le nínú rẹ̀, mo sì ti bi wọ́n ní ìbéèrè lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á. Ẹ̀rù bà mí, kì í ṣe ẹ̀rù ọkọ mi o. Ẹ̀rù pé ènìyàn kan lè jókòó síbì kan tí n kò mọ̀, kó fi ọ̀rọ̀ lásán kọ nǹkan, kí ọ̀rọ̀ náà sì wá máa rìn lójú mi ní Òkè-Ìlá, nínú ara ẹni tí mò ń sùn tì.

Nígbà tí mo ka ibi tó ti pọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọkọ mi ní, "Ó tó."

Mo gbójú sókè. Ó ń sunkún. Kò nu omijé rẹ̀, kò sì fi pamọ́.

"Kò purọ́," ó ní. "Bóyá òun fúnra rẹ̀ lọ, bóyá wọ́n sọ fún un ni, ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò kọ síbẹ̀."

"Kí ni?"

"Ẹ̀yìn ẹni. Bí o bá ti sọ ẹni náà kalẹ̀, ẹ̀yìn rẹ á ṣì máa gbóná bíi pé ó wà níbẹ̀. Tèmi kò tí ì tutù di òní."

"Ọlọ́hun Ọba!" Àlájà wí. Ó gbé búta sílẹ̀, ó di igun àpò kan mú, mo di èkejì mú, a jọ bá a sọ yanrìn náà kalẹ̀.

Orí àga onígi lábẹ́ òrùlé ilé ìdáná ló ti sọ ọ́ fún wa. Ọmọ Ìgèdè ni ọ̀rẹ́ tirẹ̀. Inú kòtò kan náà ni wọ́n ń sùn, kọ́ọ̀pù kan náà ni wọ́n fi ń mu omi. Ìyá ọmọ náà kò fẹ́ kó lọ sógun rárá. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ìyá náà tilẹ̀kùn mọ́rí, kò jáde sí i. Móínmóín ló dì sínú ewé, tó gbé sí ẹnu ọ̀nà. Inú bí ọmọ náà, ó ré e kọjá, ó ní òun kò jẹ. Nígbà tó dé ìdíkọ̀, ó yọ́ padà, ó gbé e, ó jẹ ẹ́ nínú lọ́rì. Ìyá rẹ̀ kò rí i.

"Nígbà tí ìbọn bà á, ẹ̀yìn mi ló wà tó ń sọ ọ́," ọkọ mi wí. "Kò sọ nǹkan mìíràn. Ó ní bí mo bá délé, kí n sọ fún ìyá òun pé òun ló mú un. Òun jẹ ẹ́. Mo gbé e títí, n kò lè gbé e mọ́. Abẹ́ igi kan lẹ́bàá ọ̀nà ni mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí. Nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, ó ti lọ."

Ó nawọ́ sí ìwé náà. "Sójà inú ìwé yìí, nígbà tó ń bọ̀ wálé, mọ́tò gbé e kọjá nílùú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó di ojú. Kò sọ̀kalẹ̀. Ibẹ̀ ni ìwé náà parí sí."

Mo kọjú sí i. "Ṣé oorun inú mọ́tò yẹn..."

"N kì í sùn," ó ní.

Àlájà ló dá a lóhùn. "Ọmọ mi, gbọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n bá rán ni, kì í ṣe tiwa. Ti ẹni tí wọ́n rán an sí ni. Lọ fún ìyá náà ní ohun rẹ̀. Bí kò bá sí láyé mọ́, o ti lọ."

Bí a ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, Ìgèdè la kọrí sí. Mo rò pé a ó bèèrè ọ̀nà. Ọkọ mi kò bi ẹnikẹ́ni. Kò tí ì tẹ ilẹ̀ ìlú náà rí, síbẹ̀ ó yà sí òsì lẹ́yìn ilé ìwé, ó gba ìdí kànga kan kọjá, ó sì dúró níwájú ilé alámọ̀ kan tí igi obì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti júwe ilé fún un nínú kòtò débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ìyá àgbà kan jókòó, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yanrìn, kò dìde.

"Ta nìyí?"

"Ìyá mi, èmi ni mo wà lọ́dọ̀ ọmọ yín nígbà tó kú."

Àwọn ológun ti ránṣẹ́ ikú náà sí i láti ìgbà pípẹ́. Ìyá náà kò pariwo. Ó gbé atẹ ẹ̀wà sílẹ̀. "Mo ti ń retí rẹ," ó ní. "N kò mọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹnìkan á wá. Ọmọ mi kì í ṣe ẹni tí kì í lọ́rẹ̀ẹ́. Dìde, wá wọ ulé."

Kò dìde. Orí ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti jẹ́ iṣẹ́ náà. "Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ló mú móínmóín. Ó ní òun jẹ ẹ́."

Ìyá náà la ẹnu. Ohun tí mo retí ni ẹkún, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló jáde, ẹ̀rín tó ga. "Yéè! Mo na ajá! Mo na ajá ará ilé kejì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á! Mo ní òun ló jẹ ohun ọmọ mi!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, títí tí èmi náà kò fi mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rín mọ́ nínú rẹ̀. Ó wá tẹ̀ síwájú. "Ṣé ó ní ó dùn?"

Ọkọ mi lọ́ tìkọ̀. "Ó ní... ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó, mà."

"Òótọ́ ni!" Ìyá náà lu itan. "Uyọ̀ rẹ̀ kò tó! Inú ló bí mi, n kò tọ́ ọ wò! Ta ló lè mọ̀ ọ́n bí kì í ṣe òun?"

Ìgbà tó farabalẹ̀ ló bèèrè ibi tí ọmọ rẹ̀ kú sí. Ọkọ mi sọ ọ́ fún un, igi náà, ẹ̀bá ọ̀nà náà, agbára tó tán.

"O pọ̀n ọ́n?" ìyá náà wí.

"Mo pọ̀n ọ́n, mà."

"Kò dá rìn, nígbà náà."

Ó bẹ̀rẹ̀ tì í níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ẹ̀yìn ọkọ mi lórí agbádá tó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó rọra ń fi wọ́n lọ sókè sódò, bí ẹni ń wá ibi tí ọmọ rẹ̀ fi orí lé. "Ẹ̀yìn yìí náà ni?" ó ń bèèrè. "Ẹ̀yìn yìí náà ni?" Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré, mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbé ọwọ́ lé ènìyàn lórí. N kò rí ohun tó jọ ìyẹn rí. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà láì sí ẹni tó ní kí n kúnlẹ̀.

Ó gún iyán fún wa lọ́sàn-án yẹn. Ọkọ mi jẹun tán, ó fara ti ògiri, oorun sì gbé e lọ, oorun gidi tòun ti ìhanrun. Ìyá náà ń lé àwọn adìyẹ kúrò nítòsí kí wọ́n má bàa jí i.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí wa, òun ló wá láti Ìgèdè wá wẹ ọmọ. Ó pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Òun àti Àlájà a máa jà lórí bí omi ọmọ ṣe yẹ kó gbóná tó, wọ́n á sì jọ jókòó lálẹ́, wọ́n á máa bó ẹ̀pà jẹ.