Àpótí Mẹ́ta Ìyá Síbí

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Síbí fi dáná fún àwọn ọmọ iléèwé tó ń sùn sí ọgbà, kò sì sí ọjọ́ tí kò kọ oúnjẹ wọn sínú ìwé: ohun tó sè, ẹni tó bèèrè èènì, ẹni tó rọra ti àwo sẹ́yìn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn ìwé náà kún àpótí mẹ́ta lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó sun wọ́n níná. Ó ní kí wọ́n kúkú sun òun náà mọ́ wọn.

Àfi bí ojú àbúrò rẹ̀ tó ń ránṣọ ṣe dédé ń ṣú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń kú. Ilé ìdáná yẹn lòun náà ti jẹun ní kékeré. Dókítà ṣàlàyé pé àwọn ọmọ ogun inú ara tó ń bá àìsàn jà ló ṣìnà, tí wọ́n ń jẹ èèpo tó bo iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ kiri.

Ìyá Síbí bi í pé, "Ṣé oúnjẹ tí mo sè ló fà á?"

"A ò tíì mọ̀, Mà. Oúnjẹ lè lọ́wọ́ sí i, ó sì lè má lọ́wọ́ sí i. Ta ló tiẹ̀ rántí ohun tó jẹ ní kékeré?"

Ìyá Síbí fò dìde. "Èmi! Mo kọ ọ́ sílẹ̀!"

Ní ọjọ́ kejì, takisí já àpótí mẹ́ta sílẹ̀ níwájú ilé ìwòsàn. Dókítà ṣí ọ̀kan, ló bá figbe ta, nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ó rò pé ẹnìkan ti dákú. Orúkọ irínwó ọmọ! Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn kiri, aláìsàn àti ẹni tí ara rẹ̀ le, kí wọ́n lè fi ohun tí wọ́n jẹ wéra.

Àbúrò ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹja ni mo fẹ́ràn jù nígbà yẹn."

Ìyá Síbí ka ìwé sókè: "Àbúrò mi tún fi ẹja sílẹ̀ lónìí. Olóríkunkun."

"Irọ́ ni!" Ẹ̀rín sọ, àbúrò gan-an rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Dókítà nìkan ló ń kọ̀wé wàràwàrà. Èèyàn lè búra, kí ìrántí rẹ̀ sì tàn án jẹ.

Nítorí pé kò sẹ́ni mìíràn tó lè ka ọwọ́ ìkọ̀wé Ìyá Síbí dáadáa, wọ́n fún un ní tábìlì nílé ìwòsàn. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń kà á, tí dókítà ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ìdáhùn ò tíì jáde. Ìwé iléèwé kan ò tó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù dún. Alásè iléèwé mìíràn ni. "Mo gbọ́ pé ẹ ń wá ìwé oúnjẹ. Tèmi kún àpótí méjì."

Ìyá Síbí ò dúró jẹun. Ó ti dé ìta kó tó rí i pé bàtà ẹsẹ̀ òsì òun kò bá ti ọ̀tún mu, ló bá ń rìn lọ bẹ́ẹ̀.