Àkàrà Òyìnbó inú Agolo Mílíìkì

Òórùn bọ́tà àti ṣúgà ló kàn mí nímú lánàá bí mo ṣe ń wọlé. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, mo ti ń gbọ́ ẹ̀rọ kan tó ń ké wùù nínú ilé ìdáná bí oyin tí wọ́n há mọ́ inú ìkòkò. Kùdí, ọmọ ọmọ mi, ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kéèkì kéékèèké, irú èyí tó ń wà nínú ife bébà, tí wọ́n ń fi kírímù ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ lórí. Ó ti ra ẹrù jọ láti orí fóònù. Páànù oníhò wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń po ẹyin wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi, bẹ́ẹ̀ ni irin ṣóńṣó kéékèèké tí kírímù ń gbà jáde, tí ẹnu wọn kò jọra, àti abẹ́rẹ́ ńlá kan bíi ti nọ́ọ̀sì.

“Màmá, ẹ bá mi yàn án. Èwo ni mo nílò gan-an, èwo ni kí n dá padà fún wọn?”

Mo wò wọ́n lọ, mo wò wọ́n bọ̀, ara fu mí. Mo ti rí i rí tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé kan ká ní Ẹdẹ níbí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò lè mọ bí agboolé wa ṣe rí nígbà náà. Kò sí ohun tó pamọ́. Bí ẹnìkan bá ra ẹja, àwọn ará òdìkejì á ti mọ̀ bóyá tútù ni tàbí gbígbẹ kí omi ọbẹ̀ rẹ̀ tó hó. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni olórí gbogbo obìnrin ilé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí pẹ̀lú tẹ̀sùbáà wọn. Ẹnu wọn wà lórí orúkọ Ọlọ́run, ojú wọn wà lára wa.

Inú agboolé yìí ni Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, mú ìyàwó rẹ̀ wá láti Ìbàdàn. Òun fúnra rẹ̀ padà sí ẹnu iṣẹ́ níbẹ̀, a sì máa wá sílé ní ìparí oṣù. Ìyàwó kò lè pe orúkọ wa, àwa ọmọ tó bá nílé. Ó fún kálukú ní orúkọ tirẹ̀. Eyínfúnjowó ló sọ mí, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ó gbé àpótí páànù kan wá, ó sì fi àgádágodo tì í. Agboolé tí kò sí kọ́kọ́rọ́ lára ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni ló gbé àgádágodo wá.

Yanrìn ló kọ́kọ́ fa ìfura. Ìyàwó gbé e láti odò, ó fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́, ó sì sá a sóòrùn. Ta ló ń fọ yanrìn? Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa agolo mílíìkì, ó ń fi wọ́n wé ara wọn, ó ń sọ èyí tó bá wọ́ nù. Nígbà tí bàbá mi pa àkùkọ, Ìyàwó tọrọ ìyẹ́ apá rẹ̀, ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, ó fi há ara ògiri. Ó ń tọ́jú ẹyin pamọ́. Ó tún ń lọ nǹkan funfun kan lórí ọlọ, bí ẹnikẹ́ni bá sì ń bọ̀, á fi aṣọ bò ó.

Ìyá Àgbà kà á fún àwọn ìyàwó ilé. “Yanrìn odò. Ìyẹ́ àkùkọ. Ẹyin. Ẹ̀tù funfun. Ẹ sọ fún mi, ọbẹ̀ wo ni wọ́n ń fi èyí sè?”

Kò sí ẹni tó mọ ọbẹ̀ náà. Wọ́n kìlọ̀ fún àwa ọmọdé pé a ò gbọ́dọ̀ dé ẹnu ọ̀nà Ìyàwó mọ́. Ìfura náà ran èmi pàápàá. Mo bi ara mi léèrè ohun tó fẹ́ fi eyín mi ṣe tó fi ń yìn ín, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹnu dé bí mo bá ń kọjá níwájú rẹ̀.

Àfi ìgbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan, tí àwọn adìyẹ ń fẹsẹ̀ wa ilẹ̀ kiri lẹ́yìn ilé. Ọ̀kan wa ohun dúdú róbótó kan síta, ó le bí èédú. Ó tún wa òmíràn. Ìyá Àgbà figbe ta: “Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti ri nǹkan mọ́ wa nílẹ̀!”

Kíá, gbogbo agboolé ti pé. Wọ́n kó àwọn nǹkan dúdú náà sórí páànù, wọ́n gbé e síwájú bàbá mi. Ìyàwó wà lórí ìkúnlẹ̀.

“Ìyàwó, ṣé ìwọ lo rì wọ́n?”

“Èmi ni, sà.”

Ariwo sọ. Ìyá Àgbà ní kí ó di ẹrù rẹ̀, kí ó padà sílé bàbá rẹ̀ kí ọmọ àwọn tó dé. Ẹnìkan tiẹ̀ ti wọlé lọ gbé àpótí rẹ̀ jáde. Nígbà náà ni ìyá mi, tí kì í sábà sọ̀rọ̀ láwùjọ, bi í pé, “Ìyàwó, kí ni wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó dúdú?”

Ìyàwó bú sẹ́kún. “Kéèkì ni, mà. Ó jóná mọ́ mi lọ́wọ́ ni. Ojú ń tì mí láti dà á sórí ààtàn, kí ẹ má baà sọ pé ìyàwó tuntun ń fi oúnjẹ ṣòfò.”

Ìyá Àgbà ní irọ́ ni, àfi kí ó ṣe é lójú àwọn. Ìyàwó ṣí àpótí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju ìpo ẹyin oníwáyà, ṣíbí onígi, ajọ̀ kékeré, ife tó fi ń wọn ìyẹ̀fun, àpò aṣọ ṣóńṣó kan àti irin tí ẹnu rẹ̀ rí bí ìràwọ̀ lọ. Ìyá mi ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè iṣẹ́ wọn. Ìyàwó ní ọ̀gá obìnrin kan tí òun bá gbé ní Ìbàdàn ló kọ́ òun, obìnrin náà ló sì kó wọn fún òun.

“Agolo gbọ́dọ̀ dọ́gba, mà, torí bí ọ̀kan bá kéré, á jóná kí èyí tó tóbi tó jinná. Ìyẹ́ yìí ni mo fi ń fi òróró pa inú wọn, kó má baà lẹ̀. Yanrìn ni kì í jẹ́ kí iná jẹ ìdí wọn. Ṣúgà ni mo ń lọ̀; atẹ́gùn ni mo ń bò ó fún.”

“Irin ẹyọ kan yìí náà ńkọ́?”

“Ẹnu rẹ̀ la ti ń fún ṣúgà tí a pò jáde láti inú àpò, òun la fi ń ṣe òdòdó sórí kéèkì. Ọ̀gá mi ní ẹni tí kò tíì mọ ọ̀kan lò, kí ni yóò fi púpọ̀ ṣe?”

Ó pò ó, ó dà á sínú àwọn agolo, ó tò wọ́n sórí yanrìn gbígbóná nínú ìkòkò, ó dé e, ó kó ẹ̀yin iná lé ọmọrí. Nígbà tí òórùn rẹ̀ jáde, àwa ọmọdé ti sún mọ́ ìkòkò láìmọ̀. Ó fi igi ìgbálẹ̀ gún ọ̀kan wò, igi náà jáde láìlẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ jẹ. Ó jẹ. Ìyá mi jẹ, ó bù fún mi. Ó rọ̀ bí òwú, ó dùn dé ọ̀nà ọ̀fun.

Ìyá Àgbà kò jẹ. Wọ́n ní àwọn kì í jẹ ohun tí àwọn ò mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n dá àpótí padà sí yàrá, àmọ́ ìfura kò bá a wọlé. Láti ọjọ́ náà, bí Ìyàwó bá ti gbé yanrìn kaná, Ìyá Àgbà á wọ́ àpótí ìjókòó wọn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Wọ́n á tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n á tọ́ ṣúgà wò. Bí ó bá fi omi ìṣápá pa á láró, wọ́n á béèrè oko tí ìṣápá náà ti wá. Bí ẹ bá béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, wọ́n á ní, “Mo ń ṣọ́ ọ ni.”

Wọ́n ṣọ́ ọ títí ó fi lóyún, títí ó fi bí. Ìbímọ náà nira, kò lè dìde lórí ẹní. Bàbá Kékeré sì ti ṣèlérí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn pé kéèkì ìyàwó òun ni wọ́n máa jẹ níbi ìkómọ. Gbogbo wa ń wo ara wa. Ìyá Àgbà bá dìde, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ àpótí lọ́wọ́ Ìyàwó, wọ́n ká ọwọ́ aṣọ wọn sókè. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn. Wọ́n wọn ìyẹ̀fun, wọ́n jọ̀ ọ́, wọ́n fi ìyẹ́ pa agolo, wọ́n gún un wò. Òdòdó tí wọ́n ṣe sórí rẹ̀ wọ́ díẹ̀, ó jọ gèlè tí ẹni tó ń kánjú wé. Wọ́n gbé èyí àkọ́kọ́ lọ bá Ìyàwó lórí ẹní.

“Wò ó dáadáa. Ṣé ó jinná?”

Ìyàwó wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ìyá Àgbà náà rẹ́rìn-ín. Èmi kò rí wọn kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn méjèèjì ti lọ sí ilé ìsinmi wọn. Gáàsì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yanrìn, bébà ti gbapò agolo. Mo ní kí Kùdí mú páànù oníhò tó dọ́gba, ìpo ẹyin kan, ajọ̀, òṣùwọ̀n, àpò kan àti irin ṣóńṣó kan, kí ó dá ìyókù padà. Ó bẹ̀bẹ̀ fún irin kan sí i, mo gbà fún un. Àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò máa pè é lórí fóònù. Wọn ò ní rí ọwọ́ rẹ̀, òun náà ò ní rí ojú wọn. Bí wọ́n bá fura sí i, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọn yóò ti máa sọ ọ́. Ìfura kò tíì kúrò láyé, ń kò sì rò pé yóò kúrò. Àmọ́ èyí tí mo bá ní agboolé wa máa ń sún mọ́ni. Ó ń bínú síni, ó ń ṣọ́ni, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni láìmọ̀.