Ère Tó Dán Níkùn

Mo rántí òórùn àwọn àpò ìwé tó máa ń ti Faransé wá bá mi ní Kouloundè, ní Sokodé: òórùn gọ́ọ̀mù àti ti yíǹkì. Mo ti jáde yunifásítì nígbà náà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní kọ́lẹ́jì, mo sì ń gba ẹ̀kọ́ kan nípasẹ̀ lẹ́tà, èyí tí ẹnikẹ́ni ládùúgbò kò gbọ́ rí: bí a ṣe ń dá ayédèrú ère mọ̀, àti bí àwọn olè ṣe ń kó ojúlówó sọdá ibodè. Títú ni gbogbo àpò náà máa ń dé, nítorí láyé ìjọba ẹnìkan ṣoṣo tó ń pàṣẹ nígbà yẹn, ojú mìíràn a ti ka lẹ́tà kó tó kàn ọ́. Mo máa ń rò ó pé ẹni tó ń tú u á ti mọ ayédèrú díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹta ló wù mí jù. Ó ní ibi tí ọwọ́ ti ń di ère mú ló ń dán. Bí ibòmíràn bá dán, ẹlẹ́tàn ló fi sáńpépà ha á. Mo kọ́ ọ sórí bí ọmọ kéú ṣe ń kọ́ fátíà.

Lọ́dún yẹn, wọ́n jí ère ìbejì ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Kambolé, èyí tí wọ́n gbẹ́ fún un nígbà tí Táyé ọmọ rẹ̀ kú. Kò pẹ́ tí ọlọ́pàá Tchamba fi bá ère kan nínú ẹrù oníṣòwò kan. Ọkùnrin náà búra pé tuntun ni, pé lọ́wọ́ agbẹ́gilére lòún ti rà á. Ọ̀gá ọlọ́pàá ti gbọ́ ohun tí mò ń kọ́, ló bá ránṣẹ́ pè mí. Bí mo bá ní tuntun ni, oníṣòwò á gbé e lọ.

Mo yọ awò mi tí ń sọ kékeré di ńlá. Ẹ̀yìn ère náà àti apá rẹ̀ ṣì ní ojú ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n imú àti ikùn rẹ̀ ti dán bọ̀rọ́.

"Ayédèrú ni," mo wí, bí adájọ́.

"Porofẹ́sọ̀," oníṣòwò rẹ́rìn-ín, "Ọlọ́run á bù sí ìmọ̀ yín."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n pè wá ṣe ẹlẹ́rìí, wò mí láti òkè délẹ̀. "Akọ̀wé, ta ló sọ fún ọ pé ọwọ́ ni mo fi ń gbé ọmọ mi?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ère náà sẹ́yìn, ó fi ọ̀já dì í. Imú rẹ̀ àti ikùn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ ni mo ti ń pọ̀n ọ́n lọ sóko iṣu. Kí ni kò ní dán níbẹ̀?"

Ọ̀gá ọlọ́pàá bú sẹ́rìn-ín. Oníṣòwò ní òun ń lọ tọ̀. A kò rí i mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò tú ọ̀já náà títí ó fi dé Kambolé.

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Èmi tí n kò tíì dàgbà, mo kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí olùkọ́ mi ní Faransé. Ó fèsì, ó ní inú ìwé wo ni mo ti kà á. Mo gba ìwé ẹ̀rí náà nígbẹ̀yìn. Mo ti darúgbó báyìí, olùkọ́ náà á sì ti kú, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn mo ṣì máa ń jókòó, kí n máa wá èsì tí ǹ bá fún un. Báwo ni ènìyàn ṣe ń fi ẹ̀yìn ìyá kan ránṣẹ́ sí Faransé?