Ìwé Ẹṣin Tí Mo Kó Sínú Dúróòmù

Òjò wínníwínní ló ń rọ̀ ní Lurup, àdúgbò wa ní ilẹ̀ Jámánì, láàárọ̀ ọjọ́ náà, irú èyí tí kì í dún rárá, àfi kéèyàn na ọwọ́ síta kó tó mọ̀ pé ó ń rọ̀. Kùrukùru ti bo apá òkè àwọn ilé gíga tó wà níwájú wa, iná fèrèsé wọn nìkan là ń rí, bí ìgbà téèyàn gbé àtùpà sẹ́yìn aṣọ funfun. Mo ṣí fèrèsé díẹ̀. Òórùn ewé tútù wọlé, ó dà pọ̀ mọ́ òórùn ọṣẹ àti káfúrà tó ń ti inú dúróòmù mi jáde.

Àgbá ńlá aláwọ̀ búlúù tí à ń kó ẹrù ilé sí ni mò ń wí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi ẹrù ránṣẹ́ sílé láti ìlú òyìnbó rí, ẹ mọ òfin rẹ̀: a kì í fi àyè sílẹ̀ nínú dúróòmù. Ìbọ̀sẹ̀ á wọ inú ife, ife á wọ inú ìkòkò, ọṣẹ á dí igun tó bá ṣẹ́ kù. Bí àyè bá kù níbì kan, ọkàn mi kì í balẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni àwo ti máa ń fọ́ lójú omi. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin ìjọ wa tó máa ń bá wa kó ẹrù ti wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀, mo wá rí i pé àyè tẹ́ẹ́rẹ́ kan kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo tánganran tí mo dì fún àbúrò mi. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò aṣọ àlòkù, ìwé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹṣin pupa kan wà lára páálí rẹ̀. Mo ní ìwé ni ìwé, àwọn ọmọ ilé á rí àwòrán inú rẹ̀ wò. Mo tì í sí àyè yẹn, ó wọlé wẹ́kú. Inú mi dùn sí ara mi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbìyànjú láti yí dúróòmù náà, ó dúró mí. "Màmá, ṣé ilé yín lẹ dì sínú ẹ̀ ni?"

"Ká ní ó gba ilé ni, mi ò bá ti dì í."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e lọ.

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló ni ìwé náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, Moabit ní Berlin lòun àti ìyá rẹ̀ ń gbé, ó wá lo ìsinmi ilé-ìwé lọ́dọ̀ mi. Tí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Jámánì ló fi ń dá mi lóhùn. Ó gbọ́ tèmi, èmi náà gbọ́ díẹ̀ nínú tiẹ̀, bá a ṣe ń gbé nìyẹn. Nígbà tó jí, ó wo abẹ́ ìrọ̀rí, ó wo abẹ́ àga, ó sì wá bi mí ní Jámánì rẹ̀ pé, "Oma, ìwé mi dà?" Oma ni wọ́n ń pe ìyá àgbà níbí.

"Ìwé wo?"

Ó fi ọwọ́ ya ẹ̀yìn ẹṣin lójú afẹ́fẹ́. Mi ò ní tàn yín, irọ́ ti dé ẹnu mi, pé bóyá inú ọkọ̀ ojú irin ló gbàgbé ẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wò mí kò jẹ́ kó jáde. Mo mú un lọ síbi tí dúróòmù wà tẹ́lẹ̀, mo nàka sí ilẹ̀ tó ti gbófo. Kò sunkún. Ó kàn jókòó síbẹ̀ gan-an, ó ká eékún mọ́ra. Ì bá sàn fún mi kó sunkún.

Mo pe ìyá rẹ̀, ọmọ mi. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tó gbé fóònù.

"Màmá, ìwé wo lẹ kó?"

"Èyí tó ti ya yẹn. Ẹṣin wà lára ẹ̀."

Mo gbọ́ tó gbé ṣíbí kalẹ̀. "Ìwé yẹn ni mo fi kọ́ Jámánì," ló wí. "Mi ò tíì pé oṣù kan níbí tí mo fi rà á ní ọjà àlòkù. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mi ò mọ̀, mo fi pẹ́ńsùlù kọ Yorùbá ẹ̀ sókè ẹ̀."

"Ṣé a ò lè ra òmíràn?"

"Wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́. Èyí tí ìkọ̀wé mi wà nínú ẹ̀ ni kò sí. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Màmá. Ìwé lásán ni."

Mo mọ ohùn ọmọ mi. Ohùn tó fi sọ ọ́ kì í ṣe ohùn ẹni tí nǹkan ò dùn. Mo gbé fóònù fún ọmọ náà. Orí méjì péré ló kù fún un láti kà, ìyá rẹ̀ sì ní òun lè sọ bó ṣe parí fún un. Ọmọ náà fi ọwọ́ di etí kejì, ó ní òun ò fẹ́, òun fúnra òun lòun máa kà á.

Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́rù. Ó ní dúróòmù ti wà ní Harburg, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sínú kọ̀ńténà, pé ọ̀sán gangan ni wọ́n máa ti kọ̀ńténà pa. Aago mẹ́wàá ti kọjá. Mo ní kí ọmọ wọ bàtà.

A wọ bọ́ọ̀sì, a sì bọ́ sínú S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú. Mo bi í pé kí ló ṣe ẹṣin náà gan-an, nítorí mi ò fẹ́ ká jókòó bí ẹni tó ń lọ sí ilé ẹjọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Ẹṣin tó ń fa kẹ̀kẹ́ wàrà ni, ó ti darúgbó, bàbá tó ni ín ra mọ́tò, ó ta ẹṣin. Ọmọbìnrin bàbá náà wá ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá òkun láti abúlé dé abúlé, ó ń wá a. Jámánì ló fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n lójijì mo gbọ́ "gàárì". Mo tún gbọ́ "ìjánu". Nígbà tó dé ibi tí ọmọbìnrin náà ti rántí bí òun ṣe máa ń ya irun ọrùn ẹṣin, ó ní "gọ̀gọ̀". Ọmọ tí kì í rántí ohun tí à ń pe ṣíbí. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo gbọ́ gọ̀gọ̀ kẹ́yìn, inú Bíbélì ni, nínú ìwé Jóòbù. Inú ohun tí ìyá rẹ̀ fi pẹ́ńsùlù kọ ló ti kọ́ ọ. Mo wo odò Elbe lábẹ́ afárá. Ohun tí mo fi dí igun dúróòmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé mi ni.

Ní Harburg, dúróòmù tó wà níta kò ju márùn-ún lọ mọ́, tèmi wà lára wọn. Ọkùnrin kan tó tó ẹni àádọ́ta ọdún, tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn, ló mú ìwé orúkọ dání.

"Màmá, a ti lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn. A kì í ṣí i mọ́."

"Mo mọ̀. Ohun kan ni mo gbàgbé sínú ẹ̀."

"Páásípọ́ọ̀tù?"

"Ìwé ni. Ìwé ẹṣin."

Ó wò mí bí wọ́n ṣe ń wo àgbàlagbà tí kò tíì lo oògùn rẹ̀. Ẹnì kejì rẹ̀ tó ń yí dúróòmù ní, "Màmá, ẹ ní sùúrù, ẹ̀ẹ́ bá a nílé." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ fèsì, ni ọmọ náà bá bọ́ síwájú mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ fún àwọn àgbà ìjọ, ó sì fi Yorùbá sọ̀rọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹṣin náà ò tíì délé."

Ọkùnrin náà sọ ìwé orúkọ kalẹ̀. "Ta ló mú un kúrò nílé?"

"Wọ́n tà á."

Ó fi ọwọ́ nu òjò kúrò lójú. Ó ní nígbà tóun wà ní pírámárì ní Ìlọrin, tíṣà kan máa ń ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fún wọn ní ọjọ́ Ẹtì, ẹṣin kan tí wọ́n jí gbé. Wọ́n gba ìsinmi, wọ́n gbé tíṣà lọ sí ilé-ìwé mìíràn, òun ò sì mọ ibi tọ́rọ̀ ẹṣin yẹn já sí títí dòní. Ó fa irinṣẹ́ yọ. "Tó o bá kà á tán, ní kí ìyá àgbà pè mí." Ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ fún mi.

Wọ́n ṣí i. Ìkòkò jáde, ìbọ̀sẹ̀ jáde, àwọn yẹ̀rì mi jáde, wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì nínú òjò lójú gbogbo èèyàn. Mo tẹjú mọ́ ilẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà rí ìwé rẹ̀, ó tì í sábẹ́ kóòtù, kò tiẹ̀ ṣí i wò. Nígbà tí wọ́n kó ẹrù padà, àyè tí ìwé náà fi sílẹ̀ wá ń wò mí. Mo tú ìborùn mi, mo ká a, mo fi dí i. Mo ti sọ fún yín pé ọkàn mi kì í balẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tá a délé, mo gbé tíì síwájú wa, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè ní kíṣìnnì. Mi ò kàwé púpọ̀, ìwé kẹta ni mo ti kúrò ní ilé-ìwé, ṣùgbọ́n mo lè ka Yorùbá tí wọ́n bá kọ ọ́ gbàgàdà. Kó tó kà á, mo yí ìwé náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Pẹ́ńsùlù ọmọ mi kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, lórí gbogbo ìlà. Bí mo ṣe ń ṣí i lọ ló ń dín kù. Ó wá ku ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta lójú ewé, ó wá ku ẹyọ kan. Láàárín, níbi tí àwòrán wà, tí ẹṣin náà dúró nínú ilé ẹlẹ́ṣin àjèjì tí kò jẹ koríko tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kì í ṣe ìtumọ̀ ohunkóhun. Ó kọ ọ́ pé: bíi tèmi.

Ní gbogbo ọdún àkọ́kọ́ tí ọmọ mi lò níbí, nígbà tí èmi ṣì wà nílé lọ́hùn-ún, ọjọọjọ́ Àìkú ló ń pè mí. Ó ní oúnjẹ wà, ó ní otútù kò mú jù, ó ní àwọn èèyàn ibẹ̀ dára. Mo sì gbà á gbọ́, nítorí ó rọrùn fún mi láti gbà á gbọ́.

Orí méjì tó gbẹ̀yìn mọ́ fónífóní, kò sí pẹ́ńsùlù kankan níbẹ̀. Ọmọ mi ti gbọ́ Jámánì kó tó débẹ̀. Mi ò wá rí nǹkan kan dì mú, ọmọ-ọmọ mi sì rí i lójú mi. Ó dúró. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, ó ń sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Báyìí ni mo ṣe mọ̀ pé wọ́n rí ẹṣin náà, pé ojú rẹ̀ ti fọ́, pé òórùn ọwọ́ ọmọbìnrin náà ló fi dá a mọ̀. Mo pe ọkùnrin Harburg, mo sọ fún un. Ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá."

Mo ti rò ó látìgbà náà, ìdí tí àwọn ọmọ fi ń ka ìtàn ẹṣin, àwọn tí kò gun ẹṣin rí, tí ẹṣin ọlọ́pàá nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹṣin kì í sọ tinú rẹ̀. Wọ́n ń mú un láti ọwọ́ dé ọwọ́, kò lè sọ pé ó rẹ òun, kò lè sọ pé òun fẹ́ lọ sílé. Ẹni tó ń kà á ló máa bá a sọ ọ́. Ẹni tí kò rí ẹnu fi sọ tiẹ̀, á rí ibì kan fi í sí. Ọmọ mi rí ibẹ̀ fi tiẹ̀ sí, nítorí mi ò bi í léèrè dáadáa.

Arábìnrin kan nínú ìjọ wa ló yẹ kó mú ọmọ náà padà sí Berlin lọ́jọ́ kejì. Mo pè é pé kó máa lọ, èmi fúnra mi máa mú un lọ. Nígbà tí ọmọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá mi ní kíṣìnnì rẹ̀ ní Moabit, ẹ̀rù bà á, ó ní, "Màmá, ṣé kò sí nǹkan?"

Mo ní kò sí. Mo ní kó jókòó, kó sọ bí ọdún àkọ́kọ́ yẹn ṣe rí fún mi. Ó fa àga, kò bọ́ kóòtù rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.